Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Ń Gbé Kámẹ́rà Jáde sí Ring Road

Ọmọ mi, ìyá rẹ wá bá mi láàárọ̀ àná. Ó ní o ti pa fọ́tò ìgbéyàwó tì, pé ojú pópó lò ń rìn kiri báyìí, tí ò ń ya àwọn aláàárù, àwọn tó ń ti ọmọlanke àti àwọn ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá ọ sọ̀rọ̀, kí o padà síbi tí owó wà. Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n mi ò ní pè ọ́ padà.

Ọdún 1974 ni mo ti Ọ̀wọ̀ wá sí Benin láti wá kọ́ iṣẹ́ fọ́tò. Ilé tí mo kọ́kọ́ sùn sí kò sí mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́ ti di báńkì, báńkì náà sì ti pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì. Igi tí a máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti gé etí fọ́tò ti wó kí wọ́n tó bí ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni àdúgbò yẹn ṣe rí nígbà náà, inú agolo bisikíìtì kan ni mo máa ń lọ, níbi tí mo kó nẹ́gẹ́tíìfù sí. Nítorí náà, iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ lójú mi. Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é ló ń bà mí lẹ́rù. Mo to ọ̀rọ̀ mi ní oókan, eéjì, kó má bàa dàrú mọ́ ọ lójú. Èyí tó bá gùn níbẹ̀, mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ta mí.

1. Mọ àwọn tó ti ya ìlú yìí ṣáájú rẹ.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Benin. Wọ́n gbé ìbọn wọlé, wọ́n sì gbé kámẹ́rà. Fọ́tò kan wà tí gbogbo ayé ti rí: àwọn ṣọ́jà òyìnbó mẹ́ta jókòó nínú àgbàlá ààfin tí iná ti jó, àwọn iṣẹ́ ọnà idẹ sì wà nílẹ̀ níwájú wọn bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti oko. Onílé kò sí láàárín wọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Ọba Ovonramwen lọ sí ìgbèkùn ní Calabar. Nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Ivy ni Jonathan Adagogo Green ti ya ọba. Ọmọ Bonny ni Green, adúláwọ̀ bíi tiwa. Ọba jókòó, àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró tì í. Mo ti wo fọ́tò yẹn títí ojú fi ń ro mí. Green kò fi ọba ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbé e sí àárín bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé ọba. Síbẹ̀, ọba kọ́ ló ránṣẹ́ pe onífọ́tò, kò sì sí agbára lọ́wọ́ rẹ̀ láti lé e padà. Ohun tó ń dunni nínú fọ́tò náà nìyẹn, bó ti wù kí ọwọ́ ẹni tó ya á mọ́ tó.

Wá wo Solomon Osagie Alonge. Benin ni wọ́n bí i sí ní 1911, Èkó ló ti kọ́ṣẹ́. Láti 1933 tí Ọba Akenzua Kejì gorí ìtẹ́ ló ti ń ya ohun tó ń lọ ní ààfin, ó sì ṣe é fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Benin ní 1956, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọba àti ọbabìnrin kọ́ ni mo fẹ́ kí o tẹjú mọ́. Ní 1942, ó dá Ideal Photo Studio sílẹ̀. Àwọn tíṣà, àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn akọ̀wé, ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀, gbogbo wọn wọlé síbẹ̀. Wọ́n sanwó, wọ́n jókòó bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì gbé fọ́tò wọn lọ sílé lọ fi kọ́ ògiri. Òmíràn wà tí Alonge fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ní ọ̀dà. Ó kú ní 1994. Ní 2014, mùsíọ́ọ̀mù Smithsonian ní Washington pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún aráyé wò, nígbà tó sì di 2017, wọ́n gbé àfihàn náà wá sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba tó wà láàárín Ring Road níbí. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àwọn kan ya ìlú yìí, wọ́n kó o lọ. Ẹnì kan ya á, ó fi lé onílé lọ́wọ́. Láàárọ̀ tí o bá ń gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, bi ara rẹ pé ẹ̀yìn ta lò ń tọ̀.

2. Fi ẹsẹ̀ rìn, má sì kánjú.

Mo rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó máa ń ya èèyàn láti inú kẹ̀kẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti dúró díẹ̀ báyìí, wọ́n á na fóònù síta, ó parí. Bí mo ṣe rí i, olè ni, kódà bí fọ́tò náà rẹwà.

Ọmọ Yorùbá kan wà tó ń jẹ́ Akinbode Akinbiyi. Oxford ni wọ́n bí i sí ní 1946, Berlin ló sì ti ń gbé láti 1991, ṣùgbọ́n láti ọ̀pọ̀ ọdún ló ti máa ń wá fi ẹsẹ̀ rin Èkó, tí á máa ya á díẹ̀díẹ̀. Rolleiflex ló ń lò, kámẹ́rà tí wọ́n máa ń gbé síwájú ikùn, tí wọ́n á wá dorí kodò wo inú rẹ̀. Rò ó wò: ẹni tó fẹ́ ya ọ́ tẹrí ba kó tó ya ọ́. Mi ò ní kí o lọ ra kámẹ́rà yẹn, owó rẹ̀ ò ṣeé sọ. Ìrìn rẹ̀ ni kí o kọ́. Lónìí, gba Akpakpava láti Ring Road lọ dé odò Ikpoba. Lọ́jọ́ mìíràn, gba Sakponba. Ọjọ́ kẹta, gba Mission Road lọ sí New Benin. Ìgbà kẹrin tí o bá kọjá ni ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì á dá ọ mọ̀. Ìgbà kẹfà ni yóò bi ọ́ pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an. Ọjọ́ yẹn ni kí o tó ṣí ìdérí léńsì.

3. Kí wọn.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí kò kíni láàárọ̀, ojú wo ni yóò fi béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni? Ní Benin, ọ̀rọ̀ ìkíni tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni òwúrọ̀ tirẹ̀, Lamogun sì ni ti ìdílé ọba. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti wà níbí, mi ò tíì mọ ìdajì wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí Koyo ṣòro fún, bẹ́ẹ̀ ni uruese tí à ń fi dúpẹ́ kò ṣòro. Kí èèyàn, kí o jẹ́ kó rí kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì dúró. Bó bá mi orí, rẹ kámẹ́rà sílẹ̀, ra ohun tó ń tà bí o bá lówó, máa lọ. Má bi í pé kí ló dé.

4. Má ṣe sọ òṣìṣẹ́ di alágbe.

Ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ fún ọ rí nìyí.

Ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí SAP dé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, iye náírà já wálẹ̀. Òkè òkun ni bébà fọ́tò, fíìmù àti kẹ́míkà tí a fi ń fọ̀ ọ́ ti ń wá, nítorí náà ìnira rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwa onífọ́tò kó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó ń ṣe ìyàwó kò ya ju fọ́tò méjì lọ mọ́. Ẹni tó bímọ á ní kí á jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Èmi náà bọ́ sí ojú pópó, mo ń ya ohun tí mo bá rí, mo sì ń tà á fún àwọn oníwèé ìròyìn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo dúró nítòsí ère Emotan, èyí tí wọ́n gbé síbẹ̀ láti 1954 láti rántí ìyá ọlọ́jà tó dúró ti Ọba Ewuare láyé àtijọ́. Ní òdìkejì títì, níwájú Oba Market, obìnrin kan jókòó lórí bàsíà tó dojú rẹ̀ délẹ̀. Òṣùká ṣì wà lórí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọwọ́ òsì sì wà lórí orúnkún, àtẹ́lẹwọ́ ṣí sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ gba inú omi òjò tó wà nílẹ̀ wá, ó bà lé àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Mo ya á lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sọdá. Mo gbé fíìmù lọ sílé, mo fọ̀ ọ́ lóru, inú mi dùn dé góńgó, mo sọ fún ìyàwó mi pé mi ò ya irú rẹ̀ rí.

Mo tà á fún ìwé ìròyìn kan. Wọ́n gbé e jáde gàdàgbà, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé alágbe kan rèé tó ń tọrọ bárà níwájú ọjà. Mi ò sọ fún wọn pé alágbe ni. Mi ò sì sọ fún wọn pé kì í ṣe alágbe, nítorí pé mi ò béèrè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Báwo ló ṣe mọ ibẹ̀, mi ò mọ̀ títí di òní. Ó ká ìwé ìròyìn náà mọ́ abíyá, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà, ó fi ọwọ́ nà án kó má bàa ká padà. Ó ní àwọn ọmọ ilé-ìwé ọmọ òun ọkùnrin ló mú un wá fi hàn án. Kò pariwo. Pidgin ló fi bi mí, ó ní: "Onífọ́tò, ṣé mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ?"

Ẹnu mi kò gbé e. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ òsì yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti le bí awọ bàtà, ojú ibi tí etí bàsíà ti máa ń há a mọ́ ń dán. Ó ní ẹrù èèyàn mọ́kànlá ni òun rù lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ka owó òun tán ni, òun so ó mọ́ etí aṣọ, òun sì ń rò ó bóyá ó máa tó. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ìdọ̀bálẹ̀ kò lè lọ kó ìwé náà kúrò níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ó fi ìwé ìròyìn náà sílẹ̀ lórí káńtà.

Mo padà lọ síbi tí mo dúró sí, mo wọ̀n ọ́n. Ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni láti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi, sọdá títì. Béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, béèrè ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ lásìkò yẹn, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Fọ́tò tí kò bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ẹni tí kò mọ nǹkan kan ló máa bá ọ kọ ọ́.

5. Wá ìnira níbi tó ń gbé.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ rò pé ojú tó ń sunkún nìkan ni ìyà ń gbé. Tún wo ọ̀kan lára àwọn àgbà iṣẹ́ yìí, J.D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930 ní Ovbiomu-Emai, nínú Ìpínlẹ̀ Ẹdó òní. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin, ó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kó tó kú ní 2014. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn orí lo máa rí. O ò rí ojú, síbẹ̀ o mọ̀ pé ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló dì í, o mọ bí ó ti máa pẹ́ tó, o sì mọ ohun tó wọ̀ láyé nígbà yẹn.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà lítà kan ti lé ní 500. Nígbà tó fi di ìparí ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti kọjá 1,000. Dọ́là tí à ń fi nǹkan bí 460 náírà rà ti di 1,500. Báwo ni èèyàn ṣe ń ya ìyẹn? Bí o bá ya ẹni tó ń sunkún, ẹkún lo yà, ẹkún kò sì sọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan.

Láàárín àkókò yẹn, mo rí páálí kan nínú abọ́ ìrẹsì ní Oba Market. Ẹ̀yìn páálí Indomie ni, wọ́n fi ọ̀pá igi gún un mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ iye kan sí i, wọ́n fa igi sí i láàárín. Wọ́n kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fa igi sí ìyẹn náà. Ìkẹta wà ní igun, ó rí wínníwínní, nítorí àyè ti tán. Ọwọ́ kan náà ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n báírò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo bi ìyá tó ni ọjà pé ó tó oṣù mélòó. Ó ní oṣù mélòó kẹ̀, pé láàárín ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni. Páálí yẹn ni fọ́tò! Ó dùn mí pé kámẹ́rà kò sí lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ fóònù mi ti kú.

Irú rẹ̀ kún ìgboro. Onígbàjámọ̀ kan wà ní Uselu tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, aláǹtakùn ti ta sí i. Orí páánù ló gbé sólà tí kò ju àwo ńlá lọ sí, ìta ló sì ti ń fárí fún àwọn oníbàárà nítorí iná tí sólà ń mú wá kò tó gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù. Òróró tí wọ́n ń tà ní ìgò tẹ́lẹ̀ ti wọ inú ọ̀rá tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ. Àwọn tó ń rán bàtà kò ráyè jẹun ọ̀sán, torí àwọn tó ń wọ kẹ̀kẹ́ ti ń fẹsẹ̀ rìn. Ní Igun, níbi tí àwọn àgbẹ̀dẹ idẹ ti ń rọ nǹkan fún ọba láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ya ọwọ́ tó ń fi ìda mọ ojú ère, kí o sì ya òkìtì ẹnu ẹ̀rọ omi àlòkù tí wọ́n kó jọ láti yọ́. Èèyàn ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo fọ́tò wọ̀nyí. Ìnira wà níbẹ̀ kedere, kò sì gba iyì lọ́wọ́ ẹnì kankan.

6. Padà sí ibì kan náà.

Mú igun kan nílùú. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní wákàtí kan náà, lọ dúró síbẹ̀, kí o ya á. Má wá ohun tó dára níbẹ̀. Ọdún kìíní, á sú ọ. Ọdún karùn-ún, àwọn èèyàn á máa wá wò ó lọ́dọ̀ rẹ.

Ìlú máa ń fi àmì ọdún sílẹ̀ lára fọ́tò fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Bí pátákó kan bá pe ìpínlẹ̀ ní Bendel, mọ̀ pé àárín 1976 sí 1991 ni wọ́n kọ ọ́. Bí ọ̀kadà bá kún Ring Road nínú fọ́tò, ó ṣeé ṣe kó ṣáájú 2013 tí ìjọba ní kí wọ́n kúrò nígboro. Ṣùgbọ́n má gbára lé àmì nìkan. Kọ ọjọ́ sẹ́yìn fọ́tò, pẹ́ńsùlù ni kí o fi kọ ọ́, má fi báírò kọ ọ́ láéláé, torí dúdú rẹ̀ máa ń là dé iwájú. Ti fóònù, fi èyí tí o kọ́kọ́ yà pamọ́ láìtún un ṣe, kí o sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Mo ní fọ́tò mẹ́fà tí mo yà ní ẹnu ọ̀nà Central Hospital nígbà tí ìyàwó mi ń rọbí. Mi ò rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe ni mo fi yà wọ́n: àwọn ọkùnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fúláàsì, ìyá kan tó ń sùn sórí gèlè rẹ̀. Wọ́n ti wó apá kan ilé-ìwòsàn náà báyìí, orí ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ mùsíọ́ọ̀mù tuntun tí wọ́n ń pè ní MOWAA sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 tí wọ́n fẹ́ ṣí i, àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ya wọ ibẹ̀, ìṣíde kò ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń jà lórí ilẹ̀ yẹn, ti ẹni tó ni í àti ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Mi ò dá sí i. Mo kàn ní fọ́tò àwọn bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo yà wọ́n, mi ò mọ̀ pé ìlú ni mò ń yà.

7. Fọ́tò kò tó ẹ̀mí.

Má ya ibi tí ṣọ́jà tàbí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró. Bí àwọn ọmọ ìta bá ní kí o pa á rẹ́, pa á rẹ́ lójú wọn. Ọmọdé tó ń kiri, má gbé ojú rẹ̀ tàbí báàjì ilé-ìwé rẹ̀ jáde. Má sì fún ẹnikẹ́ni lówó kó lè fajú ro fún ọ. Ràn án lọ́wọ́ bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí o bá ti gbé kámẹ́rà sínú báàgì.

8. Má ka fọ́tò kankan sí yẹpẹrẹ.

Láti nǹkan bí 1990 lọ, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló ń bọ́ ilé mi. Àwọn ọmọ ìlú yìí ń lọ sí Ítálì, àwọn mìíràn gba aṣálẹ̀ Líbíà lọ, kò sì sí bí èèyàn ṣe ń rìnrìn àjò tí kò ní ya fọ́tò. Wọ́n á wọlé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á jókòó sórí àpótí, mo máa ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, wọ́n á dúró gbà á, wọ́n á lọ. Mi ò ka iṣẹ́ yẹn sí iṣẹ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé pásípọ́ọ̀tù kì í ṣe fọ́tò.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni òbí wá bá mi pé kí n bá àwọn wá nẹ́gẹ́tíìfù ọmọ wọn, kí n sọ ọ́ di ńlá. O ti mọ pósítà òkú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì nílùú yìí. Ohun tí wọ́n fẹ́ lò ó fún nìyẹn. Nínú ilé ìyá kan, kò sí fọ́tò ọmọ rẹ̀ mìíràn láti ìgbà tó ti dàgbà. A wá a di alẹ́. Mẹ́rin ló wà lórí fíìmù náà. Nínú mẹ́ta, ọmọkùnrin náà pa ẹnu dé, ó wo iwájú bí òfin pásípọ́ọ̀tù ṣe fẹ́. Nínú ìkẹrin, ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé bọ́tìnnì rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni. Mo ti fi máàkì pupa fa igi sí ìyẹn láti ìgbà náà pé kò wúlò. Òun ni ìyá rẹ̀ mú.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì gégùn-ún fún àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ ta. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo gbọ́, mo sì gbé àpótí pásípọ́ọ̀tù sọ̀kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ tí mo bá rántí. Mi ò tíì kọ ọ́ tán.

9. Tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí o sì mú un padà lọ fún ẹni tí o yà.

Obìnrin Oba Market yẹn, mo wá a fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti tẹ fọ́tò náà sórí bébà ńlá, èyí tó dára jù lọ nínú ìyókù tí mo ní. Ibi tí wọ́n ti ń já àpò gàárì sílẹ̀ ni mo ti rí i. Mo nawọ́ fọ́tò náà sí i. Ó nu ọwọ́ méjèèjì sára aṣọ kó tó gbà á. Ó wò ó pẹ́. Ó ní irun òun wúrúwúrù. Ó ní kì í ṣe èyí ni ọmọ òun máa gbé dé ilé-ìwé, pé kí n ya òmíràn.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n wá, òun àti ọmọ mẹ́ta. Ó wọ léèsì àwọ̀ ewé, ó wé gèlè tó dúró ṣánṣán. Ó fi ọmọkùnrin yẹn síwájú, ó gbé ọwọ́ òsì lé e léjìká, ó sì bi mí pé ṣé ọwọ́ náà hàn. Mo ní ó hàn. Ó ní kí n yà á.

Méjèèjì wà nínú agolo bisikíìtì, èyí tí mo jí yà àti èyí tó ní kí n yà. Orí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló wà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún nẹ́gẹ́tíìfù nínú rẹ̀ tí mi ò tíì kọ nǹkan kan sí, ojú mi kò sì ríran dáadáa mọ́ ní alẹ́. Wá ní Sátidé, láàárọ̀, kí oòrùn tó kúrò lójú fèrèsé. Èmi á máa sọ ọ́, ìwọ á máa kọ ọ́. Fọ ọwọ́ rẹ, kí o sì mú pẹ́ńsùlù méjì dání.